Ọ̀bẹ Tí Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Fi Ń Gbẹ́ Pẹ́ńsùlù: Ìtàn Higonokami ti Ilẹ̀ Japan

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ èèkù fún un, ẹlòmíràn náà ló sì ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní sáà tó kọjá, nígbà tí wọ́n yẹ àpò wa wò ní kíláàsì, tí wọ́n sì rí ọ̀bẹ kékeré kan tó ń ká nínú àpò ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀bẹ náà kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín kí wọ́n tó kú, ọsàn ni wọ́n sì fi ń bó ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Olùkọ́ wa bi gbogbo kíláàsì pé, "Irú ọmọ wo ló ń mú ọ̀bẹ wá sí ilé-ìwé?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọ̀bẹ àpò, mo rí i pé orílẹ̀-èdè kan wà tí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ì bá fi jẹ́ pé, "Ọ̀pọ̀ ọmọ ni." Orílẹ̀-èdè náà ni Japan. Orúkọ ọ̀bẹ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń mú lọ sí ilé-ìwé ni higonokami. Ìtàn ọ̀bẹ yìí, bó ṣe dé àpò àwọn ọmọdé àti bó ṣe kúrò níbẹ̀, ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó dé Japan, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀bẹ tó ń ká kì í ṣe ohun tuntun. Ní Hallstatt ní ilẹ̀ Austria, wọ́n wú ọ̀kan jáde nínú ilẹ̀ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun, tó sì ti wà láti nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Róòmù náà ní tiwọn. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní ìlú Cambridge tí wọ́n fi fàdákà ṣe, tó ní ọ̀bẹ onírin, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì pọ̀ lójú kan. Ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn irú ọ̀bẹ yìí kò ṣòro láti rí. Ọ̀bẹ tí kò ká gbọ́dọ̀ ní àkọ̀, bí àkọ̀ bá sì sọnù, ọ̀bẹ di ewu fún ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń ká sùn sínú èèkù rẹ̀. Èèkù náà ni àkọ̀. Òwe wa tó ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, kò bá ọ̀bẹ yìí wí rárá, nítorí òun àti ilé rẹ̀ jọ ń rìn ni.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun olówó ni ọ̀bẹ rere jẹ́. Ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbajúmọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 1624 láti dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ agbègbè náà sílẹ̀. Àwọn odò ìlú náà ló ń yí òkúta ńlá tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Eruku òkúta náà sì ń wọ àyà àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní èwe. Ọ̀bẹ tó mọ́ lójú tó sì dán, ẹ̀mí ẹnìkan lè ti bá a lọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni irin líle olówó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1856, Henry Bessemer kéde ọ̀nà tuntun tí a lè gbà sọ irin di irin líle lọ́pọ̀ yanturu. Owó irin já wálẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún náà, ọ̀bẹ àpò mẹ́ta tí ayé mọ̀ dáadáa lónìí jáde ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1890, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Joseph Opinel, ọmọ ọdún méjìdínlógún péré, ṣe ọ̀bẹ onígi fún àwọn àgbẹ̀ ní àwọn òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1891, Karl Elsener bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Switzerland. Ọ̀bẹ náà ní irin tí wọ́n lè fi ṣí agolo oúnjẹ àti èyí tí wọ́n lè fi tú ìbọn wọn. Ọ̀bẹ kẹta ni higonokami. Ọ̀kan jẹ́ ti àgbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ ogun, ọ̀kan sì wá di ti ọmọ ilé-ìwé.

Ìlú Miki ní agbègbè Hyogo ni ilé higonokami. Ogun ló sọ Miki di ìlú alágbẹ̀dẹ. Láti ọdún 1578 sí 1580, ọ̀gágun Toyotomi Hideyoshi dó ti ìlú náà, kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ebi pa àwọn ará ìlú títí olórí wọn, Bessho Nagaharu, fi pa ara rẹ̀ kí ogun lè parí. Nígbà tí ìlú ti dahoro, Hideyoshi dá owó orí sílẹ̀ fún àwọn tó bá padà wá. Àwọn káfíńtà wá tún ilé kọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ sì tẹ̀ lé wọn wá ṣe ayùn, òòlù àti ìfági fún wọn. Láti ìgbà náà títí di òní, irinṣẹ́ ni a fi mọ Miki. Bí a bá sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí, àmọ́ ẹwà yẹn ti gba ẹ̀mí púpọ̀ lọ.

Ọdún kejì tó yẹ ká fi sọ́kàn ni 1876. Ní ọdún yẹn, ìjọba Japan ṣòfin pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé idà rìn ní gbangba mọ́, àfi àwọn ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti àwọn ìjòyè kan ní ọjọ́ ayẹyẹ. Ṣáájú ìgbà náà, idà méjì ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni a fi ń mọ jagunjagun tí wọ́n ń pè ní samurai. Òfin yìí gba idà lọ́wọ́ wọn, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ idà. Wọ́n ní láti wá nǹkan mìíràn rọ. Àwọn kan di alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ìdáná, àwọn kan di alágbẹ̀dẹ irinṣẹ́ oko. Nínú ayé tí idà ti kúrò lójú pópó yìí ni ọ̀bẹ kékeré ti ráyè wọ àpò.

Orúkọ ọ̀bẹ náà pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Higo ni orúkọ àtijọ́ fún ilẹ̀ tí à ń pè ní Kumamoto lónìí, ní erékùṣù Kyushu, ní gúúsù Japan. Higo no kami jẹ́ oyè ẹni tó ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà. Ọjà ọ̀bẹ yìí tà ní ìhà Kyushu, ni wọ́n bá fi oyè gómìnà ibẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ kan bá ṣe ọ̀bẹ tí ọmọdé lè fi owó kékeré rà, tó wá kọ "Balógun Ìbàdàn" sí i lára. Láìpẹ́, àwọn oníṣẹ́ Miki fi òfin dáàbò bo orúkọ náà kí ẹlòmíràn má bàa lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀bẹ náà kò díjú rárá, ohun tó sì jẹ́ kó di ti gbogbo ènìyàn nìyẹn. Wọ́n mú idẹ tàbí irin pẹlẹbẹ, wọ́n ká a po bí ẹni ká ewé, ó di èèkù. Wọ́n ti irin ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀, wọ́n fi ìṣó kan ṣoṣo dè é lórí. Ó tán. Kò sí irin tó ń ta padà nínú rẹ̀ bíi ti ọ̀bẹ Sheffield, kò sì sí ohun tó ń há ọ̀bẹ náà mọ́ra bó bá ti là. Dípò èyí, ìrù kékeré kan yọ jáde lẹ́yìn irin ọ̀bẹ náà. Ìrù yẹn ni wọ́n ń pè ní chikiri. Àtàǹpàkò ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀bẹ là. Bí a bá sì ń gé nǹkan, àtàǹpàkò kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ọ̀bẹ má bàa ká mọ́ wa níka. Ẹni tí kò bá fọkàn sí i, ọ̀bẹ yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mo rò pé ìwà ọ̀bẹ yìí gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́: ọwọ́ ẹni tó mú un ni ààbò rẹ̀ wà.

Pẹ́ńsùlù ló gbé higonokami wọ ilé-ìwé. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsùlù kí ṣápínà tó dé ọwọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Japan ń fi higonokami gbẹ́ tiwọn. Bí ilé-ìwé bá tú, iṣẹ́ ọ̀bẹ náà kò tíì tán. Wọ́n ń fi í gbẹ́ ọparun. Wọ́n ń fi ọparun náà ṣe ohun ìṣeré tó ní apá méjì lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí, tí yóò sì fò lọ sókè bíi lámilámi. Orúkọ lámilámi náà ni wọ́n fi ń pè é, taketonbo, ìyẹn lámilámi ọparun. Bí ọ̀bẹ bá kú, wọ́n á pọ́n ọn fúnra wọn lórí òkúta. Àwọn tó dàgbà ní Japan ṣáájú ọdún 1960 ṣì ń rántí ọ̀bẹ yìí bí àwọn òbí wa ṣe ń rántí òkòtó àti táyà tí wọ́n ń fi igi tì káàkiri àdúgbò.

Nígbà náà ni ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1960 dé. Ní ọjọ́ náà, Asanuma Inejiro, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Sósíálíìsì ilẹ̀ Japan, ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ní gbọ̀ngàn Hibiya ní Tokyo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré gun orí pèpéle, ó sì gún un pa níwájú gbogbo èrò. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n gba àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè rí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ díẹ̀. Ọdún kan péré ni ó fi jù mí lọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi pokùn so nínú àtìmọ́lé.

Ìbẹ̀rù mú àwọn òbí àti olùkọ́ ní gbogbo Japan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí ọmọdé má ṣe mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ mọ́. Ilé-ìwé kan lẹ́yìn òmíràn fi òfin de higonokami. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká kíyè sí. Idà kúkúrú ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi pa Asanuma, kì í ṣe ọ̀bẹ tó ń ká. Higonokami kò sí ní gbọ̀ngàn Hibiya lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n idà ti kúrò lójú pópó láti ọdún 1876. Ohun mímú tó kù lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí àgbà lè gbà ni ọ̀bẹ pẹ́ńsùlù, òun náà ni wọ́n sì gbà.

Láti ìgbà náà ni ọjà higonokami ti ń já wálẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí láti gbẹ́ pẹ́ńsùlù wọ inú kíláàsì, lẹ́yìn náà àwọn oníná dé. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀bẹ náà ní Miki ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ orúkọ náà sára ọ̀bẹ, ìyẹn Nagao Kanekoma. Àwọn tó ń rà á báyìí kì í ṣe ọmọdé mọ́, bí kò ṣe àgbàlagbà tó ń kó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ, ní Japan àti ní òkè òkun. Wọ́n fẹ́ràn bí èèkù onídẹ rẹ̀ ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nítorí òógùn ọwọ́ olówó rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ti ẹnìkan kò ní jọ ti ẹlòmíràn. Ohun tí ọmọdé ń sọ sínú àpò pẹ̀lú eruku ti di ohun tí a ń tọ́jú sínú àpótí.

Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, ó yẹ kí n sọ ti àwọn tó gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ ọmọdé pẹ̀lú. Igi gan-an-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ní agbègbè Tochigi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan fi ọ̀bẹ tó ń ká gún olùkọ́ rẹ̀ pa nínú ilé-ìwé. Olùkọ́ tó bá gbọ́ irú ìròyìn yìí kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀bẹ nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, mo lè ṣe bí olùkọ́ wa ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún náà dáadáa. Nǹkan bí ogójì ọdún ti kọjá láti ìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ṣe é ní ọdún 1998 kì í ṣe ọmọ àkókò tí gbogbo ọmọ ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ìgbà tí ọ̀bẹ ti di èèwọ̀ ni wọ́n bí i. Mi ò sọ pé òfin náà ló fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin nìkan kò dá a dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní agbègbè Nagano tó gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ń gba higonokami tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣí i, bí yóò ṣe tì í, ibi tí yóò fi àtàǹpàkò sí, àti bí yóò ṣe fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ pé ọmọ lè gé ara rẹ̀ níka. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọmọ tó ti mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń dunni kò ní fẹ́ fi í dun ẹlòmíràn.

Èyí mú mi rántí ilé. Láyé àtijọ́, ọmọ Yorùbá tó bá bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko kì í pẹ́ kó tó mọ àdá lò. Bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fún un ní èyí tó ti kú, lẹ́yìn náà èyí tó mú. Àwọn baba wa bọ̀wọ̀ fún irin tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi Ògún búra. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra ní kóòtù. Irin kì í ṣe ohun ìṣeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a ń sá fún. A ń kọ́ ọmọ mọ̀ ọ́n ni.

Àní, kí ni mo ń lọ jìnnà fún? Ní ilé-ìwé kan náà tí wọ́n ti lé ọ̀rẹ́ mi lọ sílé, bí koríko bá ga, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí olúkúlùkù mú àdá wá lọ́jọ́ kejì. Àdá gùn ju ọ̀bẹ bàbá àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. À ń gbé e rìn ní títì, à ń gbé e wọ ẹnu géètì, ẹni tí kò bá mú un wá ló ń jìyà. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Kì í ṣe gígùn, kì í ṣe mímú. Ìyàtọ̀ náà ni pé àdá ní iṣẹ́, ó ní ọjọ́, ó sì ní olùkọ́ tó dúró tì wá. Ọ̀bẹ ọ̀rẹ́ mi kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ náà. Higonokami ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà kan, kí pẹ́ńsùlù tó rí ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ́ ẹ.

Nítorí náà, mi ò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ọ̀bẹ lọ sí ilé-ìwé. Òfin ilé-ìwé ni òfin, ọ̀rẹ́ mi pàápàá sì gbà pé òun ṣẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé bí àgbà bá gba ohun mímú lọ́wọ́ ọmọ, iṣẹ́ àgbà kò tíì tán níbẹ̀. Ó kù kó kọ́ ọmọ náà ní ohun tí ọ̀bẹ wà fún, kí ọmọ má bàa jẹ́ pé inú fíìmù àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò ti kọ́ ọ. Ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwa èèyàn la máa ń gbẹ́ ẹ fún un.

Ní ìparí sáà, ìyá ọ̀rẹ́ mi wá sí ilé-ìwé, wọ́n sì dá ọ̀bẹ náà padà fún wọn. Orí tábìlì ìdáná ló wà nísinsìnyí. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń fi bó ọsàn fún àwọn àbúrò rẹ̀, èyí àbíkẹ́yìn sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun.